Ẹ Jẹ́ Kí Inú Rẹ̀ Sinmi

Ká ní ìbínú lè mú aṣọ gbẹ ni, ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn kì bá tí nílò iná mọ̀nàmọ́ná. Wọn ì bá kàn ní kí Ìyàwó dúró sáàárín àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tútù láti àárọ̀ dọ̀sán, kó máa mí lù wọ́n. Áyọ́ọ̀nù ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Bí wọ́n bá gbọ́ tó gbá ilẹ̀kùn ẹ̀rọ dé gbàgà, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní, "Wọ́n ti ki áyọ́ọ̀nù bọná o, kí kálukú kó aṣọ ẹ̀ kúrò nílẹ̀." Ilé ọkọ ló ti ń jẹ́ Ìyàwó, torí pé bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé, àfi bí ẹni pé àwọn òbí rẹ̀ kò sọ ọ́ lórúkọ.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ilé ló ti gbé ìbínú wá síbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún tí gbogbo wọn ń pè ní Kékeré, jí pẹ̀lú ara gbígbóná, ó sì kọ mílíìkì rẹ̀. Ilé ìwé kì í gba ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tírélà, wà lẹ́nu ìrìnàjò. Ó pe ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun dúró ti ọmọ. Ọ̀gá ní òtẹ́ẹ̀lì kún dẹ́múdẹ́mú, pé ẹni tí kò bá wá lónìí kó má wulẹ̀ wá lọ́la. Ẹni tó kù nílé ni Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, òun gan-an sì ni ẹni tí Ìyàwó kò fẹ́ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún láyé yìí.

Kì í ṣe pé Màmá kò fẹ́ràn ọmọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé òun àti Ìyàwó kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà," "Káàárọ̀, Ìyàwó," ó parí. Ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ, ẹlòmíràn ni wọ́n ń rán. Bí ọkọ bá wà nílé, Màmá á ní, "Sọ fún ìyàwó rẹ pé iyọ̀ ti tán," nígbà tí Ìyàwó dúró síwájú rẹ̀ gan-an pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Bí ọkọ ò bá sí nílé, Kékeré ni. "Kékeré, bá mi bi ìyá rẹ pé ta ló gbé ìkòkò mi." Ọmọ á yíjú síbí, á yíjú sọ́hùn-ún, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n rán an sí ti gbọ́ kó tó lanu. Ọmọ ọdún márùn-ún ló wá di ikọ̀ láàárín ìlú méjì tí kò rẹ́.

Ìgbà tí Kékeré wà lọ́mọ ọdún méjì ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Ó sùn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n jí i, kò jí. Wọ́n gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn, orí bá wọn ṣe é. Lẹ́yìn àyẹ̀wò lóríṣiríṣi, dókítà kan, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, pe bàbá àti ìyá ọmọ jókòó.

"Gbogbo ara wa, sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ tó di í," ni dókítà wí. "Wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí kì í jẹun. Ewé ló kọ́kọ́ mú oòrùn, tó sọ ọ́ di oúnjẹ. Àwa náà wá jẹ ewé, tàbí ká jẹ ohun tó jẹ ewé. Sẹ́ẹ̀lì á gba agbára inú oúnjẹ yẹn, á ná díẹ̀, á tọ́jú díẹ̀. Èyí tó fẹ́ lò láìpẹ́, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó o sí, kì í sì í pọ̀. Èyí tó pọ̀ ti di ọ̀rá. Béèyàn bá pẹ́ láìjẹun, tí ti inú ẹ̀dọ̀ bá tán, sẹ́ẹ̀lì á yíjú sí ọ̀rá, á máa tú u, á máa rí agbára níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ti ọmọ yín ti yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ mọ ọ̀rá tọ́jú, kò mọ̀ ọ́n tú. Ẹ wò ó bó ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀. Àárín oúnjẹ ni yóò wà tí ebi á fi pa á."

Ó ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ pẹ́ láìjẹun, ọ̀sán ni o, òru ni o. Kí wọ́n máa jí i lóru, kí wọ́n fún un ní mílíìkì tó dùn. Bó bá sì bì, tí oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀, kí wọ́n má fi falẹ̀ rárá, kí wọ́n gbé e wá kí àwọn fi omi ṣúgà sí i nínú iṣan. Ìyàwó bi í pé níbo ni irú nǹkan báyìí ti wá. Dókítà ní àti ìyá àti bàbá ló fún un láìmọ̀, pé èèyàn lè gbé ìdajì àbùkù náà kiri títí tí yóò fi darúgbó, kó má ṣe é ní nǹkan kan, àfi ìgbà tí ìdajì méjì bá pàdé lára ọmọ.

Ọkọ gbé ọ̀rọ̀ náà délé fún ìyá rẹ̀, ó sì gbé e bí àwọn ọkùnrin kan ṣe ń gbé ọ̀rọ̀: ó ju ìdajì sọ́nà. "Màmá, dókítà ní kí Kékeré máa jẹun dáadáa, àtòru." Ti ẹ̀ẹ̀bì, kò rántí. Ti ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kò rántí. Èyí tó rántí ni èyí tó yẹ kó gbàgbé, pé láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni àìsàn náà ti wá. Màmá gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀, kò wo Ìyàwó. "Nínú ìdílé tiwa? Kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé wa. Bi ìyàwó rẹ dáadáa." Ìyàwó wà nídìí abọ́ tó ń fọ̀, ó gbọ́ ketekete. Ọ̀rọ̀ yẹn há a lọ́fun bí eegun ẹja. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rí ohun tí òun ní í bá Màmá sọ mọ́.

Gbogbo òru tí Ìyàwó bá dìde láti po mílíìkì, ojú Màmá là kedere lórí àga pálọ̀. Obìnrin náà kì í sùn. Á máa wo Ìyàwó títí á fi kọjá, á wá bá ògiri sọ̀rọ̀: "Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ajẹunlóru." Ó ń fi ẹ̀rín sọ ọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ fún Ìyàwó. Nígbà míràn, Ìyàwó á wọ yàrá, á bá Màmá tó bẹ̀rẹ̀ lé ọmọ lórí, tó na ìka sábẹ́ imú rẹ̀. Ìyàwó rò pé ó ń gbóòórùn ohun tí ọmọ jẹ ni, pé ó ń ṣọ́ òun. Ó ń bínú sùn, ó ń bínú jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó ń jáde, Màmá wà ní balùwẹ̀, omi ń dún lórí sìmẹ́ǹtì. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di Kékeré léjìká mú. "Sọ fún Màmá pé bí o bá bì, kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kí wọ́n gbé ọ lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Ṣé o gbọ́?" Ọmọ mi orí. Ìyàwó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó jáde.

Níbi iṣẹ́ wọn, ọ̀gá máa ń gba fóònù gbogbo èèyàn láàárọ̀, á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan, ọ̀sán nìkan ló ń ṣí i. Ẹnì kan ló fà á. Ó ya bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àlejò kan ní fọ́tò nígbà kan rí, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ìlú. Ọ̀kan ṣẹ̀, gbogbo wọn ló ń jìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyàwó ṣe ń na aṣọ funfun lábẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná ní gbogbo àárọ̀, tó ń yẹjú wo kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń bú ọ̀gá nínú, tó ń bú ọkọ, tó ń bú ìyá ọkọ, tó ń bú ẹni tó ya fọ́tò. Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù ṣí, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i.

Màmá ló gbé e. Kò sí ọmọ láàárín wọn báyìí, àfi kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ fún Kékeré ní fóònù, mà."

"Ó ń sùn."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. O ò pẹ́ jáde tó fi bì. Ó tún bì. Lẹ́yìn ìyẹn ló sùn. Oorun tó dáa ló ń sùn, iwájú rẹ̀ ni mo wà."

"Kí lẹ fún un jẹ?"

"Jẹ kẹ̀? Ọmọ tó ń bì? Omi lásán ni mo fi tọ́ ọ lẹ́nu. Mo ní kí inú rẹ̀ sinmi."

Ìyàwó gbá ògiri mú. Mílíìkì òru àná ni ohun tí ọmọ jẹ kẹ́yìn. Ti inú ẹ̀dọ̀ ti tán nìyẹn, ó ti tán tipẹ́, ọ̀rá sì wà lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣeé tú.

"Ẹ jí i!"

"Ìyàwó, ṣé èmi lò ń pariwo mọ́ báyìí?"

"Ẹ jí ọmọ mi! Ẹ jí i báyìí báyìí!"

Ó gbọ́ tí Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Ó gbọ́ tó ń pe ọmọ, tó ń pè é, tó sì tún ń pè é. Nígbà tí obìnrin náà padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Kò dáhùn," ló wí.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá dí i. "Áyọ́ọ̀nù, níbo? Bí o bá jáde báyìí, má padà wá o." Ìyàwó tú épúrọ̀ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé ọ̀gá láyà. "Ẹ ti èyí náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yín," ló wí, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá rí i lójú títì lọ́sàn-án yẹn yóò rò pé ó ń lé olè ni.

Takisí ló gbé e délé, ó ní kí awakọ̀ má paná ọkọ̀. Ó bá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, tí òógùn tútù bò ó lórí, tí apá rẹ̀ rọ jọwọlọ. Màmá ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, ó ń pe oríkì rẹ̀. "Ẹ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ mi!" ni Ìyàwó ké. Kò bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ báyẹn rí láyé rẹ̀. Ó ki ìka tútù bọ inú ṣúgà, ó ń fi pa èrìgì ọmọ, ó tún bù ú, ó tún fi pa á. Lẹ́yìn náà ló gbé e léjìká, ó jáde. Nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn kejì ṣí, Màmá wọlé láìwé gèlè, bàtà ọ̀tún rẹ̀ dúdú, ti òsì pupa.

Ẹnu Ìyàwó tú nínú ọkọ̀ yẹn. Ohun tí kò tíì sọ láti ìgbà tó ti ń rán ọmọ ló rọ́ jáde. "Ẹ̀ ń pè é ní Ajẹunlóru. Ẹ̀ ń bá ògiri sọ ọ́ kí n lè gbọ́. Ìgbà tí mo bá dìde, ẹ ó máa wò mí bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ó dáa náà. Ṣé ó ti sinmi tó báyìí? Ẹ wò ó. Inú rẹ̀ ti sinmi, apá rẹ̀ ti sinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sinmi. Ṣé ọkàn rẹ̀ lẹ tún fẹ́ kó sinmi ni?" Awakọ̀ pa rédíò. Màmá sún mọ́ ọmọ. Ó na ọwọ́, ó gbé ìka rẹ̀ sábẹ́ imú ọmọ.

Ìyàwó gbá ọwọ́ náà dànù. "Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò!"

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀." Ohùn Màmá kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Jọ̀ọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń mí."

Ìyàwó wò ó. Ó rántí gbogbo ìgbà tó bá ìka yẹn níbẹ̀ yẹn. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò rọ̀. Ó tilẹ̀ tún le sí i, torí pé ẹni tó bá mọ̀ pé kí òun ṣọ́ èémí ọmọ, ó yẹ kó mọ̀ pé kó fún un lóúnjẹ.

Bí dókítà ṣe rí wọn ló ti mọ̀. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Wọ́n wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n so ike omi ṣúgà kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. "Ká máa wò ó," ni dókítà wí, "ẹ bá wa jókòó." Àga gígùn kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì jókòó sórí rẹ̀, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Àlàfo tó wà láàárín wọn tó jókòó èèyàn mẹ́ta. Omi ń kán, ojú Ìyàwó sì wà lára rẹ̀ bí ẹni pé bí òun bá ṣẹ́jú, kò ní kán mọ́.

Nígbà tí kò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó ní, "Mo ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀. Mo ní bó bá bì, kí ẹ gbé e wá síbí."

Màmá yíjú sí i. "Ta lo rán?"

"Kékeré."

"Kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Mo rán an! Iwájú ilẹ̀kùn ni mo ti rán an. Ẹ má wulẹ̀…" Ó gé ọ̀rọ̀ jẹ. Irọ́ ló fẹ́ pè mọ́ àgbà lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò kà á sí. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

"Ìyàwó, mi ò gbọ́ ọ. Mo fi ojú mi méjèèjì búra."

Wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí ọmọ mira. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó pa dé, ó tún là. Dókítà dé, ó fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó bi í pé kí ló ń jẹ́, kí ni orúkọ ilé ìwé rẹ̀. Ọmọ dáhùn. Ìyàwó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí ọmọ. "Kékeré, ṣé o jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ sí Màmá?"

Ọmọ wo ike tó so kọ́, ó wo okùn tó ti ibẹ̀ wá sí ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Rárá. Abẹ́rẹ́ máa ń dùn mí," ló wí.

Ìyàwó padà lọ jókòó. Ìbínú tó ti gbé láti ibi iṣẹ́ dé ilé, láti ilé dé ibí, kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí mọ́. Ó rí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn lójú inú rẹ̀. Ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ fi kan pákó. Kó kan ilẹ̀kùn lásán ni, kó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ o." Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé ẹ̀mí ọmọ lé ọmọ lọ́wọ́, torí pé òun ò fẹ́ kí obìnrin kan gbọ́ ohùn òun. Ó bú ara rẹ̀ nínú, ó bú u ju bó ṣe bú ọ̀gá lọ.

Dókítà ti fẹ́ máa lọ nígbà tí Màmá pè é. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹ sọ pé láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni nǹkan yìí ti máa ń wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Báwo ló ṣe máa ń ṣe àwọn ọmọ, tí wọn ò bá mọ̀ pé ó wà lára wọn?"

"Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni, mà. Ó kàn máa rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, bóyá ibà díẹ̀, bóyá ẹ̀ẹ̀bì. Kò ní fẹ́ jẹun. Á sùn." Dókítà padà wá sétí bẹ́ẹ̀dì. "Kí ló dé, mà?"

Màmá ń wo bàtà rẹ̀ méjèèjì, pupa àti dúdú, bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. "Mo bí méjì ṣáájú bàbá Kékeré. Ọkùnrin ni méjèèjì. Àkọ́bí mi bì, mo fún un lóúnjẹ, ó bì í, mo tún fún un. Ó sùn, kò jí. Ìyá ọkọ mi ní oúnjẹ tí mo fi tì í lọ́rùn ló pa á, pé ẹni tó bá lọ́gbọ́n lórí á jẹ́ kí inú ọmọ tó ń bì sinmi. Ìgbà tó wá kan èkejì, ara rẹ̀ gbóná, ó bì." Ó ń fi ìka ká etí aṣọ rẹ̀. "Mo jẹ́ kí inú rẹ̀ sinmi. Mi ò fún un ní nǹkan kan. Ó sunkún oúnjẹ, mi ò fún un. Ó sùn. Mo ní oorun tó dáa ló ń sùn."

Màmá gbójú sókè, dókítà kọ́ ló wò, Ìyàwó ló wò.

"Ṣé èmi ni mo pa á ni?"

Dókítà la ẹnu. Ìyàwó sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé wa. Bi ìyàwó rẹ dáadáa. Eegun ẹja tó ti wà lọ́fun rẹ̀ láti ọjọ́ yìí ti dé ọwọ́ rẹ̀, ó mú ṣáṣá, ẹni tó fẹ́ fi gún sì na ọrùn síwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó kàn wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tó. Òtítọ́ ni yóò sì sọ, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó wo ìka obìnrin náà lórí itan rẹ̀, ìka tí kò fi imú ọmọ òun sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta yìí wá, lóru tí gbogbo ilé ń sùn.

"Rárá," ló wí kí dókítà tó dáhùn. "Ibà ni, Màmá. Ìgbà yẹn, ibà ló ń pa ọmọdé. Dókítà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Dókítà wo Ìyàwó, ó wo ilẹ̀. "Ó lè jẹ́ ibà," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, ó jáde.

Inú wá bí Ìyàwó gan-an. Inú bí i pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òun náà ló tún kù tí yóò bo obìnrin yìí láṣìírí, pé òun ló gbé ìbínú wá, òun ló ń gbé e lọ sílé, kò rí ẹni bá òun gbà á. Ó dìde, ó fa kọ́tìnì fèrèsé débi pé òrùka rẹ̀ kan já, ó yí gbiri lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó," ni Màmá wí lẹ́yìn rẹ̀. "O ò mọ irọ́ pa. Láti ọjọ́ tí o ti wọlé wa, ojú rẹ kì í bo nǹkan."

Nọ́ọ̀sì ti gbé kọ́ọ̀bù mílíìkì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ọmọ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó gbé e, ó rin dé iwájú Màmá, ó fi lé e lọ́wọ́. Mílíìkì dà díẹ̀ sí Màmá lára.

"Ẹ̀yin lẹ kì í sùn lóru," ni Ìyàwó wí. "Ti òru ti di tiyín."

"Kí n máa jí i?"

"Ẹ jí i. Bó bá sunkún, ẹ jí i. Bó bá tutọ́ sí yín lára, ẹ jí i. Bó bá bì, ẹ gbé e wá síbí, ẹ sì pè mí. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ pè mí, ẹ má rán ẹnikẹ́ni." Ó mí kanlẹ̀. "Inú ṣì ń bí mi sí yín o. Ẹ má rò pé ó ti tán."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. Ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fi apá gbé orí ọmọ sókè. "Inú ń bí èmi náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi."

Kékeré mu ẹnu kan nínú kọ́ọ̀bù. Ó yíjú sí Màmá, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé.

"Mọ́mì," ló wí, "Màmá ní inú ń bí àwọn náà."

"Mo gbọ́," ni Ìyàwó wí. "Mu mílíìkì rẹ."